Ewé Funfun Lẹ́bàá Olúmọ

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn kan àtàrí. Ní irú àkókò báyìí, ayàwòrán tó bá mọ iṣẹ́ á ti ká kámẹ́rà rẹ̀ sínú àpò, torí pé oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí àwòrán dùn ún wò: á fi òjìji sábẹ́ ojú ènìyàn bí ẹni tí kò sùn, á sì gba gbogbo àwọ̀ lára ojú ọ̀run. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí máa ń gbé àpò kọ́ èjìká jáde. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè é níbí. Abẹ́òkúta ló fi ṣe ibùjókòó, fọ́tò ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó fi ń jẹun ni mo tìtorí rẹ̀ wọ mọ́tò láti Ìbàdàn. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí ni Ẹ̀gbọ́n máa ń yà.

Kámẹ́rà tó fi ń ṣe é ti pẹ́ láyé. Nikon D70 ni, irú èyí tó jáde ní 2004, mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 6 péré, rọ́bà ibi tí a ti ń dì í mú sì ti ń ṣí. Lẹ́ńsì iwájú rẹ̀ tún dàgbà jù ú lọ: onímílímítà 28, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, láti ayé fíìmù. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ sórí àpáta pẹrẹsẹ kan, ó tẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ mì í wò. Lẹ́yìn náà ló fojú sí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Àpáta Olúmọ wà lápá òsì, igi kan yọ jáde láti inú pàlàpálá rẹ̀, òrùlé páànù ìlú tẹ́ lọ nísàlẹ̀ títí.

Ó yí òrùka lẹ́ńsì títí tí igi náà fi mú ṣáṣá. Ó wá wo nọ́ńbà tó wà lára òrùka: mítà 10. Mo rò pé ó ti parí. Àṣé ó kù. Àmì pupa kíún kan wà lára lẹ́ńsì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí gbogbo wa ń wò. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ti lo irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ dàgbà láìbéèrè ohun tí àmì náà ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tún òrùka náà yí díẹ̀, ó gbé nọ́ńbà 10 kúrò níwájú ìlà, ó gbé e síwájú àmì pupa. Igi tó ti mú ṣáṣá tún ṣe bàìbàì lójú. “Ojú wa kọ́ là ń yà á fún,” ó ní. Ìmọ́lẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n ń wá kì í tẹ̀ nínú gíláàsì tó èyí tí à ń rí. Ẹ̀yìn díẹ̀ sí ibi tí èyí tí à ń rí ti ń kóra jọ ló ti ń kóra jọ. Àwọn tó ṣe lẹ́ńsì láyé àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi àmì síbẹ̀ de ẹni tó bá máa nílò rẹ̀.

Ó tú fíltà kan láti inú ìnujú. Hoya R72 ni, gíláàsì tó dúdú débi pé mo gbé e sókè wo òrùlé, n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n tètè gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tó rí i pé mo fẹ́ yí i sí oòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi irú gíláàsì yìí wo oòrùn láé. Ó dúdú lójú, ìyẹn ló fi ń tan ènìyàn. Ọmọ ojú á là sílẹ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí á sì máa wọlé, á máa jó o.

Ìka méjì ló fi yí fíltà náà wọ ẹnu lẹ́ńsì, jẹ́jẹ́, kí òrùka má baà yẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fojú sí kámẹ́rà, òkùnkùn biribiri ló máa rí. Ìdí nìyí tó fi ṣe gbogbo ètò kó tó dé e. Ó fi aṣọ dúdú bo ibi tí a ti ń wò lẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ má gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Ó mú rìmóòtù pẹlẹbẹ kan jáde, ó sì dúró.

N kò mọ ohun tó ń dúró dè. Kò wo kámẹ́rà rárá. Ṣóńṣó ẹ̀ka igi yẹn ló tẹjú mọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́, ewé ń jó. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó dúró bẹ́ẹ̀, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó yá, atẹ́gùn rọlẹ̀, ewé dákẹ́, ó sì tẹ rìmóòtù. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kámẹ́rà fi lajú sílẹ̀, ó sì padé. Kí n sọ èyí kún un: ìmọ́lẹ̀ tí rìmóòtù yẹn fi bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, ọmọ ìyá èyí tí kámẹ́rà ń yà ni.

Ó pè mí wá wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ojú ọ̀run pọ́n bí idẹ tó ti pẹ́. Olúmọ dúró gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n, eérú lára. Ṣùgbọ́n igi náà funfun. Kì í ṣe bí igi tó gbẹ ṣe ń funfun. Ewé rẹ̀ pé lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi nanomítà 400, níbi tí elésè àlùkò wà, ó sì parí sí nǹkan bíi 700, níbi tí pupa ti ń ṣú lọ. Ìmọ́lẹ̀ kò tán níbẹ̀. Ojú wa ló tán. Infrared ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi fẹ́ràn láti máa pè é ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa, torí ibi tó wà gan-an nìyẹn. William Herschel ló kọ́kọ́ ká a mọ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1800. Ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀ gbogbo, ó fi ohun tí a fi ń wọn ooru yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó sì bá a pé ẹ̀yìn pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ni ooru ti pọ̀ jù.

Nítorí ìtàn ooru yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú kámẹ́rà tó ń fi ooru ara ènìyàn hàn lóru ni à ń sọ. Rárá. Ìyẹn ń mú ìmọ́lẹ̀ tó jìnnà réré, láti bíi nanomítà 8,000 títí dé 14,000. Tiwa kò ju itòsí lọ: láti 700 dé nǹkan bíi 1,100, ibi tí sílíkọ́nì inú kámẹ́rà wa ń rí i dé. Ara ohun tí à ń yà kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá. Ara oòrùn ló ti wá, tó bà lé nǹkan, tó sì padà. Ìdí tí Ẹ̀gbọ́n fi ń jáde ní ọ̀sán gangan nìyẹn.

Gbogbo kámẹ́rà ìgbàlódé ló lè rí i tí a bá gbà á láyè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe wọ́n máa ń fi gíláàsì kékeré kan dí i lọ́nà, nítorí pé bó bá dàpọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó kù, ó ń ba àwọ̀ jẹ́. Ní 2006 tí Leica gbé M8 jáde, gíláàsì ìdènà yẹn kò lágbára tó, aṣọ dúdú kan á sì di elésè àlùkò nínú fọ́tò. Ilé-iṣẹ́ náà ní láti fún àwọn tó rà á ní fíltà tí wọ́n á fi dí i. Ti D70 náà kò le púpọ̀. Ohun tó jẹ́ àìpé lójú ayàwòrán yòókù ni àwọn bí Ẹ̀gbọ́n ń wá kiri lórí àtẹ ọjà àlòkù. Ìṣẹ́jú-àáyá kan tó tó fún D70 lè di 15 tàbí 30 lórí kámẹ́rà tuntun, torí pé ìdènà rẹ̀ le.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí kámẹ́rà tòun ṣe rí, kó mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kó kọjú gílóòbù orí rẹ̀ sí lẹ́ńsì nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì, kó sì yà á. Bí gílóòbù yẹn bá tàn nínú àwòrán, ọ̀nà ṣí. Ọmọ ọdún méje lè ṣe é, mo sì ti rí àgbàlagbà tó pariwo nígbà tó kọ́kọ́ rí i.

Mo fẹ́ padà sórí ewé, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Kí a tó yá búlúù àti gírínì lò, funfun, pupa àti dúdú ni a fi ń pín àwọ̀ ayé, abẹ́ dúdú ni ewé sì bọ́ sí. A ṣì ń sọ ọ́: oko ẹ̀gẹ́ yìí mà dúdú minimini o. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Nínú àwòrán Ẹ̀gbọ́n, bí ewé bá ṣe dúdú sí lójú àgbẹ̀ ni yóò ṣe funfun sí. Chlorophyll, ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀, a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù mì láti fi wá oúnjẹ fún igi. Èyí tó wà lẹ́yìn pupa kò wúlò fún un, kì í fọwọ́ kàn án. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á wọ inú ewé, á bá àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, á máa ta láti ògiri dé ògiri, títí púpọ̀ nínú rẹ̀ á fi gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ewé tó ń ṣàìsàn, tí yàrá inú rẹ̀ ti ń wó, kì í dá a padà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà yìí náà ni àwọn sátẹ́láìtì fi ń wo oko láti òkè. NigeriaSat-1, tí wọ́n gbé lọ sójú òfuurufú láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ojú mẹ́ta ló ní: ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa. Kò ní ojú búlúù rárá. Ìdí nìyí tí igbó fi máa ń pupa fòò nínú àwọn àwòrán rẹ̀: wọ́n fi pupa ya ohun tí kò ní àwọ̀ lójú wa.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú àwòrán ewé funfun wọ̀nyí síwájú ayé ni Robert Wood, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Johns Hopkins. Ní 1910 ló tẹ̀ wọ́n jáde. Títí dòní, funfun tí ewé ń funfun yìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ “Wood” níbẹ̀, kó má rò pé igi ni. Kò sí kámẹ́rà tó ń fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀ nígbà náà. Ó ní láti wá gíláàsì tó ń dí ìmọ́lẹ̀ tó hàn, kó wá àwo tó lè gba èyí tí kò hàn, kó gbé wọn síwájú igi nínú oòrùn, kó sì lọ fọ̀ wọ́n nínú òkùnkùn kó tó mọ̀ bóyá ohun kan wà níbẹ̀. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni pé òun kan náà ló lọ sí ìlú Nancy ní Faransé ní 1904, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Blondlot ń sọ pé òun ti rí ìmọ́lẹ̀ tuntun. Nínú òkùnkùn yàrá ìwádìí, Wood yọ́ mú alumíníọ́mù onígun mẹ́ta tó jẹ́ ọkàn ẹ̀rọ náà kúrò, àwọn tó ń wo ìmọ́lẹ̀ sì ń ka nọ́ńbà wọn lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó tú àṣírí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí ló wá ya ìmọ́lẹ̀ tó wà tí a kò rí.

Mo gbìyànjú iṣẹ́ yìí fúnra mi nílé kí n tó lọ sí Abẹ́òkúta. Mo ra fíltà, mo yá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ya ogójì àwòrán ní ọ̀sán ọjọ́ kan pẹ̀lú lẹ́ńsì tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló ní àbàwọ́n funfun roboto láàárín, bí ẹni fi ẹnu kọ́ọ̀bù tútù lé tábìlì. Mo nu lẹ́ńsì, mo nu fíltà, mo tún yà, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní lẹ́ńsì náà kò ṣẹ̀ mí, ohun tí wọ́n fi pa gíláàsì inú rẹ̀ lára ni kò bá ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa mu, ó ń ta á láti gíláàsì kan sí èkejì. Bí mo bá ṣe ń sún ihò rẹ̀ kéré sí ni àbàwọ́n á ṣe máa hàn sí. Lẹ́ńsì mìíràn tí kò tó o lówó á sì mọ́ tónítóní.

Báwo ni Ẹ̀gbọ́n ṣe mọ èyí tó mọ́? Ó ní ìwé àjákọ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ti fà ya, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gbogbo lẹ́ńsì tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló wà níbẹ̀, ti ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn. Ó ti kọjú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú ọ̀run tó mọ́, ó ti yà á ní ìwọ̀n ihò f/4, f/5.6, f/8, f/11, ó sì kọ èyí tí àbàwọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní abala kejì ìwé náà, ohun ayé gbogbo ló kọ síbẹ̀. Ewé mángòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó pupa lójú: funfun, bákan náà pẹ̀lú èyí tó ti gbó. Koríko tó gbẹ: ó rẹ̀wẹ̀sì. Omi odò: dúdú, torí pé omi ń gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì. Èédú: dúdú síbẹ̀. Ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò: ó ṣú bí ìgbà tí alẹ́ fẹ́ lẹ́, ìkuukùu á sì yọ lórí rẹ̀ bí ẹní gbẹ́ ẹ. Ọyẹ́: má jáde.

Mo bi í léèrè nípa ọyẹ́ yẹn, torí mo ti gbọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa máa ń la kùrukùru kọjá. Ó ní òótọ́ ni fún èéfín búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo òkè ọ̀ọ́kán. Èyí tí ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀, eruku ni, eruku náà sì tóbi ju ohun tí ìmọ́lẹ̀ yìí lè yẹ̀ fún lọ. Ẹ̀yìn òjò, kí ọyẹ́ tó dé, ni ìkórè tirẹ̀.

Pẹ́ńsù ló fi kọ gbogbo ìwé náà. Mo rò pé nítorí kó lè pa á rẹ́ ni, ó ní rárá. Ó fi àwòrán ojú ewé kan hàn mí, èyí tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ fi báírò kọ: nínú àwòrán, ìwé náà ṣófo. Ojú ewé kejì rẹ̀, ti pẹ́ńsù, hàn kedere. Lẹ́ẹ̀dì inú pẹ́ńsù àti èédú, ìdílé kan náà ni wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yìí kọjá. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn tó ń tọ́jú àwòrán àtijọ́ fi ń wo abẹ́ ọ̀dà láti rí ìlà tí ayàwòrán fi èédú fà kó tó kùn ún.

Nílé, níwájú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ yá. RAW ló máa ń yà, torí JPEG á ti pinnu àwọ̀ kó tó délé. Kó tó yà rárá, ó ti kọjú kámẹ́rà pẹ̀lú fíltà sí koríko tútù nínú oòrùn, ó ti sọ fún un pé èyí ni kó kà sí funfun. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àwòrán á kàn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú Photoshop, ó yí pupa padà sí búlúù, ó yí búlúù padà sí pupa. Ojú ọ̀run tó dà bí idẹ wá di búlúù, ewé kò sì kúrò ní funfun. Ó wò ó, ó dín in kù, ó tún dín in kù. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́: wọ́n á jẹ́ kí búlúù náà máa pariwo. Nígbà mìíràn, ó máa ń mú gbogbo àwọ̀ kúrò, dúdú àti funfun nìkan ló máa ń fi sílẹ̀, mo sì rò pé àwọn yẹn ló dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tó yá jù wà: kí wọ́n tú kámẹ́rà, kí wọ́n yọ gíláàsì ìdènà, kí wọ́n fi fíltà rọ́pò rẹ̀ nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, a lè gbé e lọ́wọ́ yà bí a ṣe ń yà á lójoojúmọ́, a ó sì máa rí ohun tí à ń yà bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń fi àwòrán hàn lójú dígí ẹ̀yìn. Àwọn tó ń fi èyí ṣe iṣẹ́ wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ẹni tó bá fẹ́ tú u fúnra rẹ̀, kó rántí pé ohun tó ń tọ́jú iná fún fíláàṣì wà nínú rẹ̀, iná ibẹ̀ lè tó fóltì 300, ó sì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, èmi yóò ní kó lo fíltà fún ọdún kan. Ìdúró tí fíltà ń múni dúró, ìyẹn gan-an ló ń kọ́ni.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí ká má mẹ́nu ba Richard Mosse, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Fíìmù ló lò: Kodak Aerochrome, tí ìran rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ológun ń wá ọ̀nà láti mọ ewé gidi yàtọ̀ sí ohun ìfarapamọ́ tí ọ̀tá kùn láwọ̀ ewé. Ewé gidi á pupa, ọ̀dà kò ní pupa. Kodak ti dá fíìmù náà dúró nígbà tí Mosse gbé èyí tó ṣẹ́ kù lọ sí ìlà-oòrùn Kóńgò, ó sì ya àwọn ọmọ ogun nínú igbó tó di àwọ̀ òdòdó. Ní 2013, iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ The Enclave ni Ireland gbé lọ sí ìfihàn iṣẹ́ ọnà ní Venice. Àwọn kan bínú pé báwo ni a ṣe lè fi irú àwọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ ya ogun. Mo ti rò ó títí. Ní tèmi, ogun tí ayé ti wo tó sì ti gbójú kúrò lára rẹ̀ ni, òun ló sì mú kí a tún wò ó. Ṣùgbọ́n n kò lè dá ẹni tó bínú lẹ́bi.

Ẹ̀gbọ́n kì í ya ojú ènìyàn ní itòsí pẹ̀lú fíltà yìí. Ó yà á lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi hàn mí. Ohun tó ń mú awọ ara wa dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa lọ́nà. Ọmọkùnrin tó dúdú bí kóró iṣin di ẹni tí ara rẹ̀ dà bí wàrà, awọ rẹ̀ ń dán bí ère, ojú rẹ̀ méjèèjì jìn bí kànga. Ìyá rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò rí ìdí tí òun yóò fi gba àwọ̀ lára ẹni tó fún òun láyè láti yà á. Nínú àwòrán rẹ̀ yòókù, bí ènìyàn bá wà níbẹ̀, ní ọ̀ọ́kán ni, bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ìpinnu yẹn wú mi lórí ju gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí oòrùn ti ń yẹ̀ díẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìtòkú. Ó ní ohun kan ku òun nínú ìwé. A dúró níwájú ìsọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta àdìrẹ. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àyè, ó sì bèèrè èyí tó jẹ́ ẹlú gidi. Ìyá náà yọ ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì nínú oòrùn: àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú ṣíbí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀kọ àti ìyẹ́ adìẹ kọ, aró rẹ̀ sì jinlẹ̀ débi pé ó ń pọ́n lójú etí.

Ó yà á bó ṣe wà, láìlo fíltà. Ó yà á pẹ̀lú R72: òpó Mápó ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti ṣá, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ogún ọdún. Ó wá mú fíltà kejì jáde, èyí tí kì í gba ohunkóhun wọlé títí yóò fi tó nǹkan bíi nanomítà 830. Èyí pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo wa di èémí mú, ìyá náà di etí aṣọ mú kí atẹ́gùn má gbé e.

Aṣọ funfun ló wà lójú kámẹ́rà. Kò sí òpó, kò sí ṣíbí. Ìṣẹ́po aṣọ nìkan ló kù, àti ọwọ́ méjì tó dì í mú.

“Ta ló bá mi fọ aró mi dànù?” ni ìyá náà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó fa àdìrẹ náà mọ́ra, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó na án sí oòrùn, ó fi ìka tọ ìlà òpó kan láti orí dé ìsàlẹ̀. “Ó ṣì wà níbẹ̀,” ó ní fún Ẹ̀gbọ́n, bí ẹni tó ń fi í lọ́kàn balẹ̀.

“Ó wà níbẹ̀, Màmá,” ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn. Ó ti ṣí ìwé àjákọ sórí ìtan rẹ̀. Ó fi itọ́ tọ́ ẹnu pẹ́ńsù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ìlà tó kẹ́yìn: ẹlú, 830, kò sí.